Òǹkà ogún-ogún kọ́ ló fa èrú inú múdù

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ pé kílò péye nítorí pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kà á, pé òǹkà ogún-ogún àwọn baba wa ló jẹ́ kí múdù, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ ní ọjà Kàbbà, máa rẹ́ wa jẹ. Ọ̀rọ̀ méjì lẹ dà pọ̀ yẹn.

Àyè tí nǹkan gbà ni múdù ń wọ̀n. Bó ṣe wúwo tó ni kílò ń wọ̀n. Ìdí nìyí tí múdù gàrí àti múdù ìrẹsì kò fi lè wúwo bákan náà, kódà kí ọlọ́jà jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tó bá tẹ ìdí múdù wọnú, ìwà ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òṣùwọ̀n kílò náà ṣeé yí.

Ní ti òǹkà, ogún ṣeé pín sí mẹ́rin dọ́gba, mẹ́wàá kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ọgọ́ta, ìyẹn ogún mẹ́ta, tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gba 2, 3, 4, 5 àti 6, òun la sì fi ń ka ìṣẹ́jú inú wákàtí títí dòní. Kí náírà tó dé ní 1973, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan, kọ́bọ̀ (pẹ́nì) 12 ni ṣílè kan. Kọ́bọ̀ 240 inú pọ́n-ùn kan yẹn, ọmọ mẹ́ta á pín in ní 80-80 láìsí ìjà. Ẹ fi kọ́bọ̀ 100 dán an wò.

Kílò dára fún òwò ọ̀nà jíjìn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ wa pé àṣìṣe ni márùndínláàádọ́ta. Ọgọ́ta ni, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ yọ márùn-ún, ó ku 45.