18 nínú 26

Fọ́tò kan ló bà mí lọ́kàn jẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Bébà kan ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri dìpátímẹ́ǹtì wọn, orúkọ ogójì ọmọ ló wà níbẹ̀. Lókè ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jókòó ìdánwò, nítorí pé àténdáǹsì wọn kò pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Tiẹ̀ ni ìkọkànlélógún. Ohun tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni: 18 nínú 26.

Mò ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan ní Tẹ̀júoṣó nígbà náà. Mi ò rántí mọ́ bóyá yáàdì mẹ́ta ni mo ti wọ̀n àbí mẹ́rin. Mo kàn gé e fún un. Tó bá jẹ́ márùn-ún ló gbé lọ, kó lò ó dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ ò nílò àlàyé. Ọmọ tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò ní ṣe ìdánwò. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ní òfin yìí nínú ìwé tí wọ́n máa ń pín fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe matiríkù, nígbà tí gbogbo wọn wọ gáùn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ta ló ń ka ìwé lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ má sì bi mí pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni. Ti ìjọba ni, Méńlándì níbí ló wà. Ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mi ò fẹ́ kí ẹnu mi kó bá a.

Ìkòròdú ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, lápá Ìgbógbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ yìí ti forúkọ sílẹ̀ fún họ́sítẹ́ẹ̀lì, bàlọ́ọ̀tì ò mú un rí. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé. Bí aago márùn-ún bá lù bá a ní ibùdókọ̀, ó ti parí: Mile 12 á dì, Kẹ́tu á dì, Ọjọ́tà á dì, òun á sì wà lórí ìdúró nínú ọkọ̀, á di irin mú, á tún máa fi ọwọ́ kejì ka nóòtì. Lọ́dún 2015 ni BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀, dé Ìkòròdú. Òótọ́ ni, ó dé. Ìlà tí wọ́n ń tò sí i náà dé.

Kíláàsì tó kó o sí wàhálà yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Lẹ́kúrà wọn á gbé ìwé àténdáǹsì sílẹ̀ láago mẹ́jọ géérégé, ìwé á yí kíláàsì ká, tó bá fi máa di aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwé ti padà sínú báàgì. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn lè wọlé o. Kò sẹ́ni tó máa lé e. Á jókòó, á kọ nóòtì, á dáhùn ìbéèrè pàápàá. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, kò wá.

Mẹ́fà nínú ìgbà mẹ́jọ tí wọ́n kọ pé ọmọ yìí ò sí níbẹ̀, ó wà níbẹ̀! Mo ní kó kó nóòtì rẹ̀ wá, ó kó o wá, mo sì fi ojú ara mi wo déètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú méjì tó kù, ibà ló gbé e dè lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, tánkà ṣubú lójú ọ̀nà, aago mọ́kànlá ló tó dé.

Mo wá bi í pé, kí ló dé tí kò ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a kọ orúkọ? Ẹ má pariwo lé mi lórí, èmi náà lọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ nígbà tèmi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Àǹtí mi, gbogbo wọn ló ń ṣe é." Ó ní àwọn kan wà nínú wọn tí wọn ò lè dá lẹ́kúrà yẹn mọ̀ tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ ní ọjà, 26 nínú 26 sì ni wọ́n ní. Òun kàn lóun ò lè fi orúkọ òun sí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan. Òfin tó jẹ́ pé olóòótọ́ nìkan ló ń mú, kí là ń pe irú ẹ̀?

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Nígbà tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 131 ló ní. Kì í ṣe pé òun ni mò ń bá wí o, ìtàn ni mo fi ń gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ 131, lẹ́kúrà á mọ orúkọ wọn, á mọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Ìlú tí gbogbo ayé rọ́ wá yìí kọ́. LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Òjó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni Òjó fi wà láìsí họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí kálukú ń ti ilé wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rin ọ̀nà Bádágírì nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tí "ti ilé wá" túmọ̀ sí.

NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, náà kó kòríkúlọ́ọ̀mù tuntun dé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2023. Wọ́n ní ìdá 70 á ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ìdá 30 tirẹ̀ kún un gẹ́gẹ́ bí àyíká rẹ̀ bá ṣe rí. Mo ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan máa rántí nínú ìdá 30 yẹn pé Mile 12 wà ní àyíká wa.

Àti pé, lọ́dún 2022, láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Mi ò bá ASUU jà, mo mọ ohun tí ojú wọn rí. Mo kàn ń béèrè ni pé, ta ló gbé ìwé àténdáǹsì yí ìjọba ká lóṣù mẹ́jọ yẹn?

Àwọn kan á sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀nà òun jìn, kó tètè jí. Ṣé aago mẹ́rin kò tíì yá tó ni? Àwọn kan á ní kí wọ́n gba ilé sítòsí. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń pe yàrá kan ní Àkókà tàbí Bàrígà lónìí, pẹ̀lú owó éjẹ̀ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì. NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń fún un ní 20,000 náírà lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ-bọ̀ jẹ́ 3,000 lójúmọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá wọn. Láti ilé mi sí Tẹ̀júoṣó kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, láti ibẹ̀ sí ọgbà wọn náà kò jìnnà, nítorí náà, mo ráàyè to ọ̀rọ̀ mi dáadáa lójú ọ̀nà. Mo ti mọ ibi tí mo máa ti pariwo, mo ti mọ ibi tí mo máa ti sọ̀ ohùn kalẹ̀.

Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú fíìmù tó ń wò lórí fóònù. "Mà, òfin ni." Òun ló ṣàlàyé èyí tó burú jù fún mi. Sẹ̀mẹ́sítà kejì nìkan ni wọ́n ń ṣe kóòsì yẹn. Ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó jókòó, òdo ni wọ́n máa kọ fún un, á sì tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kóòsì méjì wà ní ọdún kẹrin tí kò lè fọwọ́ kàn láìjẹ́ pé ó yege nínú èyí. Ìyẹn ni pé kéríóvà kan ṣoṣo yìí lè di odindi ọdún kan. Ọmọ tí CGPA rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wà ní 4.38, tó ń sáré lé 4.50 kó lè gba fọ́ọ̀sì kíláàsì.

Ìbínú ni mo bá wọ ọ́fíìsì lẹ́kúrà náà.

Aago méjì ọ̀sán ni. Obìnrin bí ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó gbé wọn lé orí páálí kan. Búrẹ́dì àti àkàrà tó ti tutù ló ń jẹ. Ó ní kí n má bínú, oúnjẹ òwúrọ̀ òun nìyẹn. Ó ní kí n wá jẹun. Èmi tí mo kó ogun wá, wọ́n ní kí n wá jẹ àkàrà.

Mo ní mo yó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sọ ẹjọ́ mi, ṣùgbọ́n kò jáde bí mo ṣe tò ó. Nígbà tí mo dórí aago mẹ́rin àbọ̀, ó mi orí. Ó ní Ìbàfò lòun ń gbé. Aago mẹ́rin lòun fi ń jáde. Ọdún keje rèé tí orúkọ òun ti wà lórí ìwé àwọn tó ń retí ilé òṣìṣẹ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa ìwé kan yọ: déètì kíláàsì 26, pẹ̀lú aago tí òun fúnra rẹ̀ dé. 7:35. 7:41. 7:30. Kò sí èyí tó pa jẹ. Mo wo ìwé yẹn títí, mò ń wá ọ̀kan ṣoṣo tí mo lè fi mú un. Mi ò rí.

Mo ní, "Ẹ ṣe wá gba ìwé yẹn padà kíákíá báyẹn, mà?"

Ó ní òpin kíláàsì lòun ń pín in tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wá ń dé láago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á jáde. Nígbà kan, orúkọ 94 wà lórí ìwé, òun ka orí, ọmọ 51 ló jókòó. Ó ní, "Mo mọ ọmọ yín. Ó mọ̀wé. Iwájú ló máa ń wá jókòó tó bá dé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún un, kí ni kí n sọ fún mọ́kàndínlógójì tó kù?"

Mo ní kó sọ fún wọn pé òun ò kọ orúkọ èké. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní kí n mú ìwé dókítà wá ní ti ibà yẹn, òun á kọ lẹ́tà tì í, á lọ sọ́dọ̀ HOD, ìyẹn olórí dìpátímẹ́ǹtì. Ìyẹn á sọ ọ́ di 19. Wọ́n ń wá 20.

Ẹyọ kan. Àwa méjèèjì dákẹ́.

Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ ò le rárá, bí ẹni kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà, ibo lẹ̀ ń gbé?"

Mo ní Ṣómólú.

Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀.

Mo ti ń bá a jiyàn nínú ọkàn mi láti ìgbà náà. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, àwa márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí rí. Ọmọ náà ò bẹ̀ mí rí. Bó bá yà kí mi nígbà tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ lálẹ́, mo máa ń fún un lóúnjẹ, mo máa ń fún un lówó ọkọ̀, mo máa ń sọ fún un pé kó tètè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú jù.

Mo ṣì gbà pé òfin yẹn ò dáa. Ó kéré tán, kí wọ́n gbé kíláàsì yẹn sí aago mẹ́wàá. Lẹ́tà ti wà lọ́dọ̀ HOD, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Láti alẹ́ àná ni mo ti ń wo pálọ̀ wa. Tí a bá gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sára ògiri, tí a sún àga gígùn yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì ọmọ kékeré á gbà síbẹ̀. Mo ti sọ fún baba àwọn ọmọ. Ó ní òun ń gbọ́.