Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ wo Totoro

Ẹ̀yin òbí, èrò ọkàn mi rèé: kàtúùn kì í ṣe ohun tí a fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ká tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn, kí àwa wá gbájú mọ́ fóònù, kò dára tó. Àwọn kàtúùn kan wà tó jẹ́ pé tọmọdé tàgbà ló yẹ kó jọ wò wọ́n, àwọn tí mo sì fẹ́ràn jù ni ti Studio Ghibli, ilé iṣẹ́ tí Hayao Miyazaki, Isao Takahata àti Toshio Suzuki dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1985.

Fíìmù Totoro (My Neighbor Totoro) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1988 ló jáde. Satsuki àti Mei, àbúrò rẹ̀, bá bàbá wọn kó lọ sí abúlé kí wọ́n lè sún mọ́ ilé ìwòsàn tí ìyá wọn wà. Kò sí ọ̀tá kankan nínú fíìmù yìí. Kò sí ìbọn, kò sí ìkà èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun. Ohun tó ń jẹ àwọn ọmọ náà lọ́kàn ni pé ìyá àwọn ò sí nílé, wọn ò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ìyá Miyazaki fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàìsàn ikọ́ ife nígbà tí Miyazaki wà lọ́mọdé, ó sì hàn pé ẹni tó mọ ìrora yẹn ló ṣe fíìmù náà.

Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa tí wọ́n bá dé ibùdókọ̀. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, bọ́ọ̀sì bàbá ò tíì dé. Oorun ń kun Mei, Satsuki bá pọ̀n ọ́n, ó sì tún ń wá bí agboòrùn ò ṣe ní bọ́. Ẹ̀dá ńlá onírun kan, Totoro fúnra rẹ̀, rọra wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ewé kan ṣoṣo ló fi bo orí. Satsuki na agboòrùn bàbá rẹ̀ sí i. Bí ẹ̀kán omi ṣe ń dún tó, tó, lórí agboòrùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni inú Totoro ń dùn, ló bá fò sókè, ó balẹ̀ gbì! Gbogbo omi tó wà lórí igi dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ ò tó nǹkan, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin á wò ó láìmira. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ òde òní ò lè fara balẹ̀ wo nǹkan tó ń lọ jẹ́jẹ́, mi ò gbà pẹ̀lú wọn rárá.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí bàbá gbogbo rí. Mei ní òun rí Totoro, ó fẹ́ mú wọn lọ síbẹ̀, ọ̀nà ò já mọ́. Bàbá rẹ̀ ò pè é ní òpùrọ́. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sídìí igi ńlá tó wà nínú igbó, wọ́n tẹrí ba, wọ́n dúpẹ́ pé igi náà bá àwọn tọ́jú Mei. Ẹni tó bá mọ ojú tí àwọn àgbà wa fi ń wo ìrókò máa lóye ibẹ̀ kíákíá.

Kiki's Delivery Service ló kàn, ti ọdún 1989. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́ nínú ilé wọn, mi ò sì ní bá wọn jà. Àmọ́ ìgbálẹ̀ tí Kiki, ọmọbìnrin àjẹ́ inú fíìmù náà, ń gùn fò, iṣẹ́ ajé ló ń fi ṣe: ó ń gbé ẹrù fún oníbàárà. Ìyá àgbà kan fẹ́ fi páì ẹja ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ààrò oníná ò gbóná, Kiki bá bá a dá iná sí ààrò onígi. Ó gbé páì náà kọjá nínú òjò, gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin. Ọmọ-ọmọ ṣílẹ̀kùn, ó ní òun ò fẹ́ràn páì ìyá àgbà, ó sì tilẹ̀kùn. Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó rò.

Spirited Away (2001), tó gba Oscar lọ́dún 2003, lè dúró dìgbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́sàn-án, torí àwọn òbí ọmọbìnrin inú rẹ̀ tó di ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba àwọn kéékèèké. Òrìṣà odò kan wà níbẹ̀ tí pàǹtírí kún inú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Miyazaki ti sọ pé òun wà níbi tí wọ́n ti fa kẹ̀kẹ́ jáde nínú odò gidi tí wọ́n ń tún ṣe.

Bí ọmọ ò bá tíì lè ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì gbohùn sí wọn. Àmọ́ ẹ máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún un bó ṣe ń lọ, ó máa ń dùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kàn rí orúkọ Ghibli kí ẹ tan gbogbo rẹ̀ fún ọmọ o. Nínú Princess Mononoke, wọ́n ń gé ọwọ́ àti orí èèyàn. Grave of the Fireflies, tí Takahata ṣe, dá lórí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ di ọmọ òrukàn lọ́dún 1945. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Totoro jáde ní Japan, wọ́n sì jọ ń fi wọ́n hàn pa pọ̀ ni. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nílé mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wò ó tí àwọn ọmọ bá ti sùn.