Ẹni tó ń béèrè wa ló ṣe pàtàkì

Ó dùn mí láti kà pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó ra ọmọlẹ́yìn lórí Instagram. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó yẹn jẹun! Facebook gba ọ̀rẹ́ 5,000 fún ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ Robin Dunbar, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣírò rẹ̀ láti 1992 pé nǹkan bí 150 ni agbára ọpọlọ wa mọ ní ti àjọṣe gidi. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí màmá mi wà ní ọsibítù, àdúrà pọ̀ lábẹ́ ohun tí mo kọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba àwọn kan ló pè mí lálẹ́, tí wọ́n ní, "Ṣé o tiẹ̀ ti jẹun?" Àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń ra dátà láti bá sọ̀rọ̀ báyìí.