Àwòrán síkírínì kì í ṣe fọ́tókọ́pì

Ó ti sú mi. Mò ń fi férémù sí àwòrán kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni ọ̀gbẹ́ni kan bá yọjú, ó ní: "Ṣé torí fọ́tókọ́pì yìí lẹ ṣe ń ṣe wàhálà tó báyìí?" Àwòrán ìyá kan tó ń di irun ọmọ rẹ̀ ni, síkírínì, ìyẹn aṣọ oníhò wínníwínní tí wọ́n nà mọ́ igi tí íǹkì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ: ohun tí wọn ò bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, ẹ̀dà lásán ni. Irọ́ ni.

Ẹ̀dà kí ni? Ẹ̀dà gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ti ara rẹ̀ dà á. Èyí kò ní. Orí síkírínì gan-an ni ayàwòrán ti bí i. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní síkírínì tirẹ̀. Ibi tí kò bá fẹ́ kí íǹkì kọjá, á dí i. Ibi tó ṣí sílẹ̀, á fi rọ́bà fa íǹkì gba ibẹ̀ bọ́ sórí pépà. Bó bá gbẹ, ó di ti àwọ̀ kejì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ bín-ín-tín, pépà yẹn ti bàjẹ́. Mo tẹ tíṣáàtì àti àpò ìnáwó kí n tó dé ìdí férémù, ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni.

Ẹ wá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú, ẹ fi wo kàlẹ́ńdà olóṣèlú tó wà lára ògiri yín. Tótòtó wínníwínní lẹ máa rí, búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, tí wọ́n jọ ń tan ojú jẹ. Ẹ wá fi wo àwòrán ìyá yẹn. Àwọ̀ ewé ìró rẹ̀ dán délẹ̀, kò ní tótòtó kankan. Níbi tí pupa gèlè ti gun orí yẹ́lò, etí íǹkì ga díẹ̀. Ẹ gbé pépà náà dẹ̀gbẹ́ sí iná, ẹ ó rí i. Nísàlẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 7/40, ìkeje nínú ogójì, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó dáa, àwọn kan máa ń ti inú fọ́tò ṣe síkírínì, tótòtó á sì wà nínú tiwọn. Mo gbà.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo." Kí ló kàn mí? Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta ń fi páànù tí wọ́n gé ní bátànì tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ púpọ̀, ta ló pe aṣọ wọn ní fọ́tókọ́pì? Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, Christie's, ilé tó ń ta iṣẹ́ ọnà ní gbàǹjo, ta ojú Marilyn Monroe, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, tí ayàwòrán Andy Warhol fi síkírínì ṣe lọ́dún 1964, ó lé ní mílíọ̀nù 195 dọ́là. Orí aṣọ nìyẹn wà, ó sì kun ọ̀dà mọ́ ọn. Mi ò ní kí ẹ máa retí irú owó bẹ́ẹ̀ lórí tiyín.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń bà jẹ́. Onífèrémù kan gé etí àwòrán oníbàárà mi kan kó lè wọ férémù àtijọ́. Nọ́ńbà àti orúkọ bá abẹ lọ. Ó tún fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ páálí! Obìnrin náà wá gbé e wá bi mí pé èló ló lè tà.

Ẹ má gé e, ẹ má láminéètì ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí sẹ́lótéèpù kàn án. Páálí tí kò ní ásíìdì ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí òmíràn tí wọ́n gé àárín rẹ̀ bíi fèrèsé sì wà láàárín pépà àti dígí, torí nígbà òjò, íǹkì lè lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń pa, dígí lásán kì í gbà á sílẹ̀. Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn férémù wò, ikán fẹ́ràn páálí. Ẹni tó bá sì ní etí rẹ̀ ti fẹ̀ jù, ẹ gba àwòrán yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.