Ẹ Kọ́ Wọn Ní Ìtàn Kí Ẹ Tó Gbé Dáyárì Anne Frank Lé Wọn Lọ́wọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé káàkiri ayé, dáyárì Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó fara pamọ́ ní Amsterdam ní ilẹ̀ Netherlands, ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́langba máa ń kà nípa bí ìjọba Násì ti Hitler ní Jámánì ṣe pa àwọn Júù ní ìpakúpa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fún àwọn mìíràn, òun náà ni ìkẹyìn. A ò ní kí wọ́n má kà á. Ohun tí à ń sọ ni pé kò yẹ kí olùkọ́ kankan gbé e lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ la ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yé e. Ọmọ tí wọn kò là á yé á sunkún, á fẹ́ràn Anne bí ọ̀rẹ́, á sì pa ìwé dé láìmọ òfin tí wọ́n fi lé ọmọbìnrin náà wọ ibi ìfarapamọ́, láìmọ ibi tó kú sí.

Ìwé náà kọ́ ló jẹ̀bi. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọjọ́ tí Anne pé ọdún mẹ́tàlá, ni wọ́n fún un lẹ́bùn. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọge kékeré ló ń kọ síbẹ̀: ìjà òun àti ìyá rẹ̀, ìfẹ́ Peter, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ fara pamọ́, oúnjẹ kan náà tí wọ́n ń jẹ títí ó fi sú wọn, ìbẹ̀rù olè tó ń fọ́ ilé iṣẹ́ nísàlẹ̀. Kò sí ìdí tí yóò fi máa ṣàlàyé ẹni tí Hitler jẹ́ fún ìwé tirẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 1944, mínísítà kan nínú ìjọba Netherlands tó ti sá fún ogun lọ sí London sọ lórí rédíò pé kí aráàlú tọ́jú dáyárì àti lẹ́tà wọn. Anne gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún tirẹ̀ kọ kó lè di ìwé títẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ojú tiwọn náà rí ogun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ òde òní kò rí i. Olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Nítorí náà, ọdún 1933 ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni Anne; ìlú Frankfurt ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀, Otto Frank, jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Àwọn Júù tó wà ní Jámánì nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1933 kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, òfin ti jáde tó lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Ní 1935, òfin Nuremberg gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì ka ìgbéyàwó láàárín wọn àti àwọn ará Jámánì yòókù léèwọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, wọ́n dáná sun sínágọ́gù, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Àwọn amòfin ló kọ àwọn òfin yẹn, àwọn adájọ́ ló ń fi dájọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ nípa iyàrá gáàsì tí wọ́n fi pa àwọn Júù nìkan yóò rò pé wèrè kan ló ṣàdédé dìde.

Ìdílé Frank ti sá lọ sí Amsterdam ní tiwọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ogun Jámánì lé wọn bá níbẹ̀. Ibí yìí ló yẹ kí kíláàsì ti dúró pẹ́ jù lọ, torí ibẹ̀ ni ìwé náà àti ìtàn ti pàdé. Anne fúnra rẹ̀ to àwọn èèwọ̀ náà nínú ohun tó kọ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1942: kí Júù lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ, kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n má wọ ọkọ̀ tíráàmù, kí wọ́n má jáde lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, kí ọmọ wọn máa lọ sí ilé-ìwé àwọn Júù nìkan. Kí olùkọ́ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì bi àwọn ọmọ léèrè: ta ló ṣe òfin yìí? Ta ló ń mú kí wọ́n tẹ̀ lé e? Kí ni aládùúgbò ṣe nígbà tó rí i? Wọ́n á rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Netherlands ló kọ orúkọ nǹkan bí 140,000 Júù sílẹ̀, tí wọ́n tẹ lẹ́tà J sórí káàdì ìdánimọ̀ wọn, pé ọlọ́pàá ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń kó wọn, pé ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ náà ló gbé wọn lọ. Wọ́n á rí òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ Amsterdam da iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 1941 nítorí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn Júù. Willem Arondeus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáná sun ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìlú náà ní 1943, nítorí wọ́n mọ̀ pé fáìlì ibẹ̀ ló ń pa ènìyàn. Àwọn Násì yìnbọn pa Arondeus.

Àwọn ọmọ á sì béèrè pé kí ló dé tí ìdílé Frank kò tún sá lọ. Otto Frank gbìyànjú. Ó béèrè físà Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù tó ba Rotterdam jẹ́ ní 1940 ba ìwé rẹ̀ jẹ́ ní ọ́fíìsì kọ́ńsúlù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1941, kò rí i gbà. Ní 1939, ọkọ̀ òkun St. Louis gbé àwọn Júù tó lé ní 900 dé Havana. Cuba kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, Amẹ́ríkà náà kò gbà wọ́n, ọkọ̀ bá padà sí Yúróòpù. Ó lé ní 250 nínú wọn tó padà kú sọ́wọ́ Násì. Ọmọ tí kò gbọ́ èyí á di ẹ̀bi ru ẹni tí wọ́n pa.

Èyí tó ń dùn wá jù ni gbólóhùn tí wọ́n máa ń yọ síta, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1944, Anne kọ ọ́ pé pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, òun ṣì gbà pé ọkàn ènìyàn dára. Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan náà ló ti sọ pé òun ń rí ayé tó ń di aginjù, òun sì ń gbọ́ àrá tó ń bọ̀ wá pa àwọn náà. Wọ́n máa ń gé ìyẹn kúrò. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọlọ́pàá wá kó Anne àti àwọn tí wọ́n jọ fara pamọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ni ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn láti Westerbork, àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn Júù jọ sí ní Netherlands, sí Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn ní Poland, gbé wọn lọ, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000. Ìyá rẹ̀ kú ní Auschwitz. Anne àti Margot, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ní Bergen-Belsen, àgọ́ mìíràn ní Jámánì, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, níbi tí ebi àti typhus, àìsàn tí kòkòrò iná ara ń gbé kiri, ti ń pa ènìyàn lójoojúmọ́. Nínú àwọn mẹ́jọ tó fara pamọ́ pọ̀, Otto nìkan ló bọ́.

Àwọn kan ń sọ pé lítíréṣọ̀ ni, kí á jẹ́ kí ọmọ bá ọmọbìnrin náà pàdé fúnra rẹ̀. A mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: kí ẹ̀kọ́ ìtàn má baà pa adùn ìwé. Ṣùgbọ́n Anne tí a yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí kì í ṣe Anne mọ́. Kò sì sí ẹni tó ní kí á máa fi àwòrán òkú han ọmọ.

Ní England, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba fi ìpakúpa yìí sínú ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 14, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì wà nínú kíláàsì wọ̀nyẹn. Kí òbí wọn béèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ kí wọ́n tó ṣí ìwé náà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ ìtàn fi kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré kí wọ́n tó dá a padà, bẹ́ẹ̀ nígbà tí Anne ń kọ̀wé ní 1944, àwọn ọmọ wa ń jà nínú igbó Burma nínú ogun kan náà. Kí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ lítíréṣọ̀ jọ mú ìwé yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré là ń béèrè ṣáájú ojú ìwé àkọ́kọ́, àti ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́yìn ti ìkẹyìn.