Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bàbá kan ló dìde ní ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì. A ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ wá kan ìdìbò abẹ́lé tó ń bọ̀ nínú oṣù Kẹta, èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì, Republican àti Democrat, fi ń yan ẹni tí wọn yóò gbé síta fún ìdìbò gbogbogbòò oṣù Kọkànlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀ wá pé kí gbogbo ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ jáde lọ dìbò. Bàbá ní: “Ẹ má fi ìyẹn dà mí láàmú. Ìjà inú ilé wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn yanjú ẹ̀. Tó bá di oṣù Kọkànlá, n ó yan èyí tó bá wù mí nínú ẹni méjì tí wọ́n bá gbé síta.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún wọn.

N kò lè bá wọn jiyàn níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, torí wọ́n dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ. Òwe kan ṣoṣo ni mo pa, tótó ó ṣe bí òwe: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn nílé. Ohun tí mo lọ sọ nílé wọn ni mo ń kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé bàbá nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀ láàárín wa.

Ẹ̀ṣọ́ tí òwe yìí ń wí ni aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, gèlè, gbogbo ohun tí èèyàn fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó ń dé gbàgede òde kó tó máa wá ẹni tí yóò bá a lọ aṣọ. Bí bùbá bá ti ya láti ilé, ó ti ya dé òde nìyẹn. Ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ la sábà máa ń pa òwe náà fún, pé ìwà tí kò kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò lè rí i hù lójú àlejò. Ṣùgbọ́n ó bá òṣèlú mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹni méjì tí bàbá ń dúró dè ní oṣù Kọkànlá, inú ilé ni wọ́n ti wọ̀ wọ́n láṣọ. Àwa Yorùbá kúkú mọ̀ ọ́n nígbà tí a sọ ọ́ ní ìdìbò abẹ́lé.

Ní Texas, kì í ṣe àsọdùn rárá. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1994 títí di ti 2024, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat kan tó wọlé sí ipò tí gbogbo ìpínlẹ̀ jọ ń dìbò fún, ìbáà ṣe gómìnà, ìbáà ṣe sẹ́nétọ̀ tó ń lọ sí Washington. Ẹni tó bá ti borí nínú ìdìbò abẹ́lé Republican, kó lọ rán aṣọ tí yóò fi búra ló kù. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nínú Houston, òdìkejì rẹ̀ ló rí: tíkẹ́ẹ̀tì Democrat ti tó láti gbé èèyàn dé ilé aṣòfin. Ẹni tó bá dúró de oṣù Kọkànlá, ọbẹ̀ tó ti jinná ló fẹ́ wá bu iyọ̀ sí.

Àwọn tó lóye òwe yìí jù wá lọ ni àwọn tó fẹ́ ti èèyàn dúdú mọ́ta láyé ìjọ́un. Oṣù Kọkànlá kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ilé ni wọ́n tì. Ní 1923, ilé aṣòfin Texas ṣòfin pé èèyàn dúdú kò gbọdọ̀ dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà ló ń wọlé níbi gbogbo nígbà náà. Dókítà kan ní El Paso, Lawrence Nixon, pẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá a láre ní 1927. Ni wọ́n bá gbọ́n ọgbọ́n mìíràn: wọ́n fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ láṣẹ pé kó fúnra rẹ̀ pinnu ẹni tí yóò wọlé. Nixon tún pẹjọ́, ó tún borí ní 1932. Ẹgbẹ́ wá pe àpérò, wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí R. R. Grovey, onígbàjámọ̀ kan ní Houston níbí, gbé ìyẹn lọ sílé ẹjọ́, àwọn adájọ́ dáhùn ní 1935 pé ẹgbẹ́ aládàáni ni wọ́n, wọ́n lè yan ẹni tí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn létí: onílé ló ni ilé. Yorùbá náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tún ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bó bá jẹ́ inú ilé yẹn ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò máa gbowó orí lọ́wọ́ mi, tí yóò máa dájọ́ ọmọ mi, orí mi ni wọ́n ń fá nínú yàrá náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń fá a, ibẹ̀ ló yẹ kí n jókòó sí. Lonnie Smith, oníṣègùn eyín ní Houston, ló gbé irú ẹ̀bẹ̀ yìí padà síwájú ilé ẹjọ́, Thurgood Marshall sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1944, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án gbà pé ìdìbò abẹ́lé jẹ́ ara ìdìbò ìlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé ẹnìkan. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó ṣí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwa tí à ń gbé Fort Bend, agbègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ní Sugar Land, Missouri City àti Richmond, níbi tí a ti ra ilé, tí a ń dáná ìgbéyàwó, tí a ń sọ ọmọ lórúkọ. Láti 1889 ni àwọn aláwọ̀ funfun ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jaybird. Wọ́n ń dìbò tiwọn ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ẹni tó bá borí lọ́dọ̀ wọn ló ń lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì Democrat, agbára káká sì ni kó tó rí alátakò. Kò sí èèyàn dúdú kan tó lè dá sí i. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé ní 1944, wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ wọ ìyẹ̀wù lọ. Ó di 1953 kí ilé ẹjọ́ tó já ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù náà. Bàbá kò gbọ́ ìtàn yìí rí, wọ́n sì ti ń gbé Fort Bend fún ogún ọdún ó lé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: “Ibí yìí náà?” Mo ní ibí yìí náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ìgbà yẹn ti kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2020, ní Texas Southern University, àwọn olùdìbò tò sórí ìlà títí ó fi kọjá aago kan òru. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn èèyàn dúdú ni, orúkọ Thurgood Marshall yẹn kan náà ni wọ́n sì fi sọ ilé ẹ̀kọ́ òfin inú rẹ̀. Kò sí òfin kan tó ní kí àwọn tó wà lórí ìlà má dìbò. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ni kò fohùn ṣọ̀kan láti jọ lo ẹ̀rọ ìdìbò, ni wọ́n bá pín ẹ̀rọ sí méjì. Ọ̀dọ̀ Democrat ni èrò pọ̀ sí lọ́jọ́ náà, nítorí ìdíje ààrẹ tó gbóná ní tiwọn. Ẹ̀rọ kan wà lófìfo níbì kan, ìlà ń gùn sí i níbòmíràn. Mélòó nínú wa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì tó ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́? Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì àti ilẹ̀kùn tí wọ́n fi wákàtí mẹ́fà dí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ti àwọn àgbà tó ń dìbò látilé tún dùn mí jù. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 lè fi lẹ́tà dìbò ní Texas. Ní 2021 wọ́n ṣòfin tuntun pé kí olùdìbò kọ nọ́ńbà kan sínú àpò ìwé náà, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà Social Security, kó sì bá èyí tó wà nínú fáìlì ìjọba mu. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé oṣù Kẹta 2022 dé, ìwé ìdìbò tó lé ní 24,000 ni wọ́n dà nù ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn kan ti fi orúkọ sílẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọn ò rántí nọ́ńbà tí wọ́n lò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn màmá wa pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì bí wọ́n bá ní in, kí wọ́n sì pe ọmọ kan kó bá wọn wò ó kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọmọ bàbá ti dé láti ibi iṣẹ́ nígbà tí a dé ìhín yìí, ìyàwó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ni àríyànjiyàn gidi bá bẹ̀rẹ̀. Owó orí ilé ló ń dun ọmọ. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù èèyàn, orí ilé àti ilẹ̀ ni ẹrù já lé. Ìyàwó ní omi ni tòun. Omi wọ ilé àwọn òbí rẹ̀ nígbà ìjì Harvey ní 2017, ìdí èyí ló fi ń béèrè ibi tí wọ́n ná dọ́là bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ sí, èyí tí àwọn ará Harris, ìjọba ìbílẹ̀ tí Houston wà nínú rẹ̀, fọwọ́ sí ní 2018 láti fi dènà omíyalé. Àwọn kọmíṣọ́nà ló ń pinnu iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe, inú ìdìbò abẹ́lé sì ni àwọn kọmíṣọ́nà ti ń jáde. Bàbá ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ti iná tó lọ nínú òtútù oṣù Kejì 2021, tí àwọn sun inú ọkọ̀. Èmi ní ilé ìwé, nítorí ìpínlẹ̀ ló gba àkóso àwọn ilé ìwé Houston ní 2023, ẹni tí gómìnà yàn ló sì yan àwọn tó ń darí wọn.

Ohùn wa ròkè. Inú mi dùn sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè; èmi tí mo rò pé mo wá kọ́ bàbá, n kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tí wọ́n sùn sí. Irú ẹjọ́ báyìí, inú ilé ló yẹ ká ti rò ó, nígbà tí olùdíje mẹ́fà tàbí méje ṣì wà níwájú wa, tí a lè bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè. Tó bá di oṣù Kọkànlá, àwọ̀ ẹgbẹ́ méjì péré ló kù, gbogbo wa á sì ti le bí òkúta.

Ọmọ bàbá mú ọ̀rọ̀ kan wá tí kì í ṣe kékeré. Ní Texas, kò sí pé èèyàn ń forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́. O dé ibùdó, o béèrè ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ tó wù ọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Republican fẹ́ kí ìyẹn dópin, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa dìbò. Ó ní ó tọ́, pé kí ló kan ará ìta nínú aṣọ tí ìyàwó ilé yóò wọ̀? Àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì pè é ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n owó ìjọba, owó gbogbo wa, ló ń gbọ́ bùkátà ìdìbò abẹ́lé, ẹni tó bá sì jáde níbẹ̀ ló ń ṣàkóso gbogbo wa. Lójú tèmi, ilé tí a fi owó ìlú kọ́ ò lè jẹ́ ilé àdáni.

Ilé wa ní Nàìjíríà kò yọrí nínú èyí. Ní 1993, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Option A4, ẹni tó fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìbò ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó tó gorí ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́lá ṣe dé Jos, tó gba tíkẹ́ẹ̀tì SDP. Nígbà tó fi di 2022, ìbò àwọn aṣojú 371 ló gbé Àtíkù wọlé nínú PDP, 1,271 ló gbé Tinúbú wọlé nínú APC, nínú orílẹ̀-èdè tí olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Ilé aṣòfin ti kọ́kọ́ fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa dìbò fúnra wọn. Ààrẹ ìgbà náà kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ọ̀nà mìíràn kún un. Èèyàn lè mọ ilé ìtura tí ọgọ́rùn-ún méje aṣojú sùn sí. Ta ló lè mọ ibi tí mílíọ̀nù èèyàn sùn sí? Nígbà tí ìdìbò ààrẹ dé ní 2023, ìdá mẹ́ta olùdìbò kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ nínú mẹ́rin. A bínú sí wọn. Àmọ́ ta ló pè wọ́n nígbà tí wọ́n ń mú aṣọ?

Ohun kan ni mo tẹ̀ mọ́ ọmọ bàbá létí, mo sì tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo yín létí: ẹni tó ṣì ń lo green card, ìwé àṣẹ ìgbélùú ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, kò gbọ́dọ̀ dìbò rárá, ì báà jẹ́ abẹ́lé. Ó lè ba ìwé èèyàn jẹ́ títí láé. Ṣùgbọ́n ó lè wa ọkọ̀, ó lè bá ẹni tó fẹ́ dìbò tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ìwé ẹ̀rí yín tó ní fọ́tò lára, wọ́n ń gbà á níbùdó. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méje alẹ́ tó lù, ẹnikẹ́ni kò lè lé e, kó má kúrò. Èyí tó dáa jù ni pé ká má dúró dọjọ́ náà, ká lo ìdìbò àfiṣáájú.

Bàbá ti ní kí n wá gbé àwọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn lo fóònù nínú ibùdó, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí n bá àwọn tẹ àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò jáde sórí bébà, ti ẹgbẹ́ méjèèjì, kí àwọn lè fara balẹ̀ kà á nílé. Orúkọ àwọn adájọ́ nìkan gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ mẹ́ta tí àwọn fẹ́ kí n bá àwọn wádìí.