Sàlẹ́ńsà ẹnu ìbọn àti $200 tí wọ́n yọ kúrò

Ìkómọ ni mo lọ ní Houston lọ́sẹ̀ tó kọjá, àríyànjiyàn ìbọn ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó fẹ́ràn ọdẹ ju iyán lọ ló sọ pé òun fẹ́ ra sàlẹ́ńsà, páìpù tó ń dín ariwo ìbọn kù, sẹ́nu ìbọn òun, torí pé owó orí $200 tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lórí rẹ̀ ti di òdo láti January 1, 2026. Àǹtí kan gbé àwo jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ pa?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wojú àǹtí, mo rí i pé kò ṣeré.

Mi ò dá sí i níbẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Ní tèmi, kò sí ohun tó burú nínú owó tí wọ́n yọ yẹn. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba tó kù ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí ẹ rí nínú fíìmù. Nínú fíìmù, wọ́n á so páìpù mọ́ ẹnu ìbọn, wọ́n á yìn ín, "fíọ́" lẹ máa gbọ́, ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì ò sì ní jí. Irọ́ gbuu! Ariwo ìbọn máa ń ju 140 désíbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) lọ, òmíràn kọjá 160. Sàlẹ́ńsà á gé bíi 20 sí 35 kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù ṣì ń pariwo. Bí ọta bá sì yára ju ohùn lọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ ayé òde òní, á ṣì dún pàá nínú afẹ́fẹ́ bí ìgbà tí èèyàn na pàṣán, kò sí páìpù tó lè pa ìyẹn lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó ti mẹkáníìkì rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìyá ni sàlẹ́ńsà ìbọn àti sàlẹ́ńsà ọkọ̀. Inú rẹ̀ pín sí yàrá-yàrá, atẹ́gùn gbígbóná á máa gba ibẹ̀ kọjá, ipá rẹ̀ á ti rọ̀ kó tó bọ́ síta. Ẹ rántí bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe máa ń ké lálẹ́ bí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bá ti jẹrà. Hiram Percy Maxim, ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sàlẹ́ńsà ìbọn ní 1909, ti ṣiṣẹ́ mọ́tò dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ: Hiram Stevens Maxim, ẹni tó ṣe ìbọn Maxim tó ń rọ̀jò ọta. Ìbọn yẹn làwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá wa jà ní Ìmàgbọn, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní May 1892. Ariwo ìbọn tó ń yìn lójoojúmọ́ ló sì padà sọ bàbá yẹn di adití. Ọmọ rẹ̀ ló wá ṣe ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù. Ayé mà ga o.

Bàbá tó bí bàbá mi náà jẹ́ ọdẹ, ìbọn ṣakabùlà ló ń lò. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, apá ọ̀tún lo máa dúró sí, torí etí òsì ti lọ pátápátá. Nílé wa, wọ́n ní ayé ló di bàbá létí. Ẹ̀tù ni o. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún yìnbọn, etí òsì rẹ̀ ló máa ń súnmọ́ ẹnu ìbọn jù. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni sàlẹ́ńsà wà fún. Ní Finland àti Norway, ọdẹ tó bá ní ìwé àṣẹ ìbọn ń lo sàlẹ́ńsà bí ẹni wọ bàtà, kò sí ẹni tó ń wò ó bí apànìyàn.

Báwo ló ṣe wá di ohun ẹ̀rù ní Amẹ́ríkà? Ní 1934, nígbà tí àwọn ọ̀daràn ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta jà ní ìgboro, wọ́n ṣe òfin National Firearms Act, wọ́n sì gbé $200 lé sàlẹ́ńsà náà. Ẹ má fi ojú $200 ti ìsinsìnyí wò ó, ó lé ní $4,000 bí a bá ṣírò rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ dọ́là díẹ̀ péré ni wọ́n ń ta sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ nígbà náà. Wọn ò fòfin dè é, owó ni wọ́n fi tì í. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ìbọn ìléwọ́ wà nínú àbá òfin yẹn níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi sàlẹ́ńsà sílẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ sì ni ọ̀pọ̀ apànìyàn ilẹ̀ yìí ń lò títí dòní. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ibi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ti pínyà nìyí. Òun ní kí wọ́n fà á tu pátápátá, kí èèyàn máa rà á bí ẹni ra báàgì. Ilé aṣojúṣòfin fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́ ilé aṣòfin àgbà sọ́nà lórí ìlànà ní ìyẹn ò bá òfin owó mu, ló bá ku owó orí nìkan tí wọ́n sọ di òdo. Fọ́ọ̀mù ṣì wà, fọ́tò ṣì wà, o ṣì máa tẹ ìka, ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ṣì máa yẹ̀ ọ́ wò. Ẹni tí wọ́n bá ká èyí tí kò forúkọ sílẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lè fi ọdún 10 jura.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní Virginia Beach, ní May 31, 2019, èèyàn 12 ni ọkùnrin kan pa níbi iṣẹ́ ìjọba, sàlẹ́ńsà sì wà lẹ́nu ìbọn rẹ̀. Àwọn kan nínú ilé yẹn ò tètè mọ̀ pé ìbọn ni. Mi ò sọ pé sàlẹ́ńsà ló pa wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba àǹtí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá wà níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ìbọn láìbéèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹni tó ní green card ló yàtọ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ni kò gba sàlẹ́ńsà láàyè rárá, New York, New Jersey, California àti Illinois wà lára wọn. Tó o bá ń kó kúrò ní Houston lọ bá ìyàwó ní New Jersey, má kó o sí búùtù. Jọ̀ọ́, má sì dì í mọ́ ìrẹsì nínú dúrọ́ọ̀mù tó ò ń fi ránṣẹ́ sílé.

Nílé ọ̀hún ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 le ju ti ibí lọ. Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ ìbọn ìléwọ́. Síbẹ̀, ta ló béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn apànìyàn tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022? Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó ń pa òfin mọ́ ni wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé AK-47. Ẹni tó bá ti rí ìlú tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn ò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò ní bá ẹ̀gbọ́n pariwo pé kí wọ́n ya èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ̀gbọ́n ti tẹ ìka o, fọ́ọ̀mù ti wọlé. Ó ní bí ìwé bá ti jáde, ká jọ lọ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Mo ní màá wá, ṣùgbọ́n màá ṣì di etí mi méjèèjì. Àǹtí ní òun ò lọ síbì kankan, àmọ́ ká má gbàgbé itan ẹran tòun.